Ilé Kan Náà Ni Mo Kó Gbogbo Rẹ̀ Sí

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí ìjì òjò àkọ́rọ̀ ṣí páànù orí yàrá mi ní Ajílósùn, níbí ní Adó-Èkìtì, ara mi kò sì tíì balẹ̀. Mo ń kọ èyí nítorí mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ní ohùn ìyá yín, fọ́tò ìsìnkú bàbá yín, tàbí ìwé tí ẹ ti ń kọ tipẹ́, nínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo.

Àlámọ̀, ewì alohùn Èkìtì, ni èmi ń kó jọ. Ọmọ Èkìtì mọ̀ pé ẹnu àwọn obìnrin wa ló wà, àwọn àgbà tó sì mọ̀ ọ́n dáadáa ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá ìyá mi ní Ìkéré, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé, mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni tí mo tíì gbọ́ lọ. Ọdún 6 ni mo fi ń gbé rẹ́kọ́dà kékeré lọ bá wọn. A ó jókòó sẹ́yìn ilé, níbi tí a ti ń wo orí òkè Olósùnta, wọn yóò máa bó ẹ̀gúsí, wọn yóò sì máa dá orin. Fáìlì 63 ni gbogbo rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ni Yèyé fi ayé sílẹ̀.

Ẹ má rò pé n kò ní ẹ̀dà. Mo ní i. Mo ra háàdì dísìkì, gbogbo ìparí oṣù ni mo sì ń da nǹkan sí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dà á tán, inú báàgì láptọ́ọ̀pù náà ni mo ń ti háàdì náà bọ̀, abẹ́ tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sì ni báàgì ń gbé.

Ọjọ́ Sátidé ni. Mo wà ní Ọjà Ọba nígbà tí atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa délé, ọmọ ará ilé wa ti ń ké pé, "Àǹtí, ẹ má tíì wọlé o, wáyà iná ti já sílẹ̀!" Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí ojú ọ̀run nínú yàrá mi. Àjà ti wó lé tábìlì. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n wọlé, mo gbé báàgì náà sókè, omi sì ń ro láti ojú síìpù rẹ̀ bí aṣọ tí a kò tíì fún. Mo fa láptọ́ọ̀pù yọ, mo sì ṣe ohun tí kò yẹ kí n ṣe: mo tẹ̀ ẹ́ kó tàn. Iná rẹ̀ ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú, òórùn rọ́bà tó ń jó sì gba yàrá. Mo kúnlẹ̀ sínú omi náà.

Lóru ọjọ́ yẹn, n kò sùn. Mo ń gbìyànjú láti rántí bí Yèyé ṣe máa ń pe "ulé", bí wọ́n ṣe máa ń fà á díẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ ọ nínú orí mi mọ́. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, ohùn wọn ni kò sí. Ìyẹn ló dùn mí ju páànù lọ, ó dùn mí ju kọ̀ǹpútà lọ.

Ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Òkèṣà ló so háàdì náà mọ́ná. Ó ń ró kọ̀, kọ̀, kọ̀. Kíá ló yọ ọ́. "Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún so ó mọ́ná. Bó ṣe ń yí yẹn, ó lè máa ha ojú àwo tí nǹkan yín wà." Àwọn tó lè ṣí i wà ní Èkó, owó tí wọ́n pè sì ju owó oṣù mi mẹ́fà lọ. Mo ṣì wé e sínú aṣọ.

Òun náà ló bi mí pé kí ni mo fi ń gba ohùn náà sílẹ̀. Mẹ́mórì káàdì rẹ́kọ́dà náà! Mo máa ń pa wọ́n rẹ́ lórí rẹ̀ bí mo bá ti dà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí a bá pa rẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà níbẹ̀ títí nǹkan mìíràn yóò fi gorí rẹ̀. Ó fi PhotoRec, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tó ń wá fáìlì tí a ti pa rẹ́, wá a, 38 sì jáde. Orúkọ gbogbo wọn ti lọ, nọ́ńbà lásán ló kù. Mo ṣí àkọ́kọ́: adìyẹ, lẹ́yìn náà ikọ́, lẹ́yìn náà, "Ṣé ó ti ń gbà á?" Mo sunkún níwájú ọmọ ọlọ́mọ. Àǹtí mi kan ní Ìbàdàn ní 5 mìíràn tí mo fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. 43 nínú 63 ni mo rí, 20 kò sí.

Ẹ̀dà tó bá ń sùn nínú ilé kan náà pẹ̀lú ojúlówó kì í ṣe ẹ̀dà. Peter Krogh, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, ló sọ òfin 3-2-1 di mímọ̀: ẹ̀dà 3, ojúlówó wà nínú rẹ̀, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ 2, kí 1 wà níbòmíràn. Bí agbára yín kò bá gbé ìyókù, ẹ di 1 yẹn mú. Ẹ gbé e lọ sílé ẹ̀gbọ́n yín, sí ìlú mìíràn, níbi tí ìjì tó ṣí òrùlé yín kò ti ní dé.

Àwọn kan ń bi mí pé kí ló dé tí n kò fi wọ́n sórí Google Drive, ibi ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì. 15 GB ni ọ̀fẹ́ rẹ̀, ti Gmail àti fọ́tò yín wà nínú rẹ̀. WAV, fáìlì ohùn tí a kò fún pọ̀, ni mo ń gbà, wákàtí kan rẹ̀ lé ní 600 MB, owó dátà ni mo sì ń rà bíi gbogbo ènìyàn. N kì í ṣe aláìbìkítà. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ wọ́n di MP3, tí a ti fún pọ̀, ni, wákàtí kan lè má tó 60 MB. Ǹ bá ti ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí omi bá wọ nǹkan yín, ẹ má tàn án. Ẹ yọ bàtìrì rẹ̀ bó bá ṣeé yọ, ẹ má tì í bọ inú ìrẹsì. Bí ẹ bá sì ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu yín sọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Orúkọ fáìlì lè lọ, èyí tó wà nínú ohùn kò ní lọ. N kò sọ ọ́, 11 ló wà níwájú mi báyìí tí n kò mọ ọdún wọn. Ẹ sì rántí, ẹ̀dà kan ní ilé mìíràn.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo gbé fláàṣì lọ sí Ìkéré fún àbúrò ìyá mi. Inú agolo tí wọ́n ń kó ìlẹ̀kẹ̀ sí ni wọ́n fi í sí. Mo jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ̀kan lórí fóònù mi. Wọ́n gbọ́ ọ títí tó fi tán, wọ́n sì ní, "Èyí tí Yèyé dá lọ́jọ́ ìkómọ ọmọ rẹ ńkọ́?"

Ọ̀kan nínú 20 yẹn ni.