Òfin ìpínlẹ̀ wo lò ń kà gan-an?

Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ní wẹ́ẹ̀háòsì ní California já bọ́ látorí àkàbà níbi iṣẹ́, ọrùn ọwọ́ ẹ̀ kán. Ó pè mí, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ohun tófin sọ nípa owó tí wọ́n ń san fún òṣìṣẹ́ tó bá ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní workers' compensation." Mo bá wọ Google, kí ló kọ́kọ́ jáde, ìpolówó lọ́yà lóríṣiríṣi, gbogbo wọn ń pariwo pé ká pe àwọn kíákíá. Mo yà wọ́n sílẹ̀, mo ka ojú ìwé kan débi pé mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ 45 ló ní láti fi sọ fún ọ̀gá ẹ̀, àṣé òfin Illinois ni mò ń kà látàárọ̀! Ọjọ́ 30 ni ti California o.

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ló ń ṣe tiẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mississippi ò tiẹ̀ ní òfin ẹ̀ títí di 1948. Texas ló yà mí lẹ́nu jù, iléeṣẹ́ aládàáni níbẹ̀ lè lóun ò ra ìnṣọ́ránsì tó ń san owó yẹn rárá, ẹ gbọ́ ná!

Ìgbà tí mo wá orúkọ ìpínlẹ̀ mọ́ àdírẹ́sì tó parí sí .gov, ìyẹn ti ìjọba, lojú mi là. Ibẹ̀ ni mo ti rí fọ́ọ̀mù DWC 1, èyí tí òṣìṣẹ́ California fi ń béèrè owó yẹn. Tí ọ̀gá bá ti gbọ́ pé èèyàn ṣèṣe, ọjọ́ iṣẹ́ kan péré ló ní láti fi fún un ní fọ́ọ̀mù náà. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé, wọn ò fún àbúrò mi ní nǹkan kan, sùpáfáísọ̀ ẹ̀ ń sọ pé kó ṣe sùúrù. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ jáde fúnra ẹ̀, kó sì kọ déètì sí i.