Sago Ẹ̀gbẹ́ Fẹ́ńsì: Ewé Tuntun Tún Ká Kò

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí o, iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà léèékánná mi. Sago mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńsì, òdòdó tó jọ ọ̀pẹ yẹn, ewé tuntun tá a ti ń retí lórí ẹ̀ ti yọ, gbogbo ẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ká kò, etí ẹ̀ gbẹ. Ewé àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ wá ń tutù yọ̀yọ̀, kò sóhun tó ṣe é.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ká ní ewé ìsàlẹ̀ ló ń pọ́n, màá ní fatiláísà ló ń wá. Kòkòrò funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ewé ńkọ́? Mo fi èékánná họ ọ́ wò, kò sí nǹkan kan. Tó bá ti jẹ́ ewé tuntun nìkan ló mú, àìtó manganese ló jẹ́, ìyẹn èròjà kan tí gbòǹgbò ń fà nínú ilẹ̀, mo sì ti wọ́n manganese sulphate, kẹ́míkà tó ní in nínú, sí i láti ìjọsí. Ni mo bá gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìdí ẹ̀ wò, ṣọ́bìrì bá dún gbàà: ibi táwọn bíríkìlà ti po sìmẹ́ńtì nígbà tí wọ́n ń mọ fẹ́ńsì ni! Láìmù inú sìmẹ́ńtì ló ń di manganese mú nínú ilẹ̀, gbòǹgbò ò lè rí i fà, kò sí bí mo ṣe lè da kẹ́míkà síbẹ̀ tó. Mo ti ní kí n kàn tún un wọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àmọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí ni mo yí i padà, màá hú u lọ gbìn síbòmíràn ni, tí ewé yìí bá ti le. Ewé tó ti bàjẹ́ ò ní tún dáa mọ́, ewé tó bá yọ lẹ́yìn ìyẹn la ó fi mọ̀.

Àwọn ọmọ sago tí mo gé lára ìyá wọn: ojú ọgbẹ́ ti gbẹ, wọ́n ti wà nínú yanrìn lábẹ́ ibòòji.

Òmíràn tí mo rà ní Lọ́kọ́jà, tí wọ́n ní sago ni, kì í ṣe sago o. Sago gidi, iṣan kan ṣoṣo ló gba àárín ọmọ ewé ẹ̀. Tèmi yìí nípọn bíi páálí, kò ní iṣan àárín rárá: Zamia furfuracea ni, ará Mexico. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó létí títì, ohun tó bá ti jọ ọ̀pẹ, sago ni! Ó rẹwà ṣá, n ò dá a padà.

Tiwa-n-tiwa ló wù mí jù, Encephalartos barteri, ìbátan sago tó ń hù nínú igbó wa, tí wọ́n fi sọrí Barter, onímọ̀ ewéko tó bá Baikie, olórí ìrìn àjò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, gba odò Ọya wá ní 1857. Ẹnì kan ní òun á hú u wá fún mi nínú igbó, mo ní rárá, ó ti ń ṣọ̀wọ́n jù, kóró ni mò ń wá.

Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta manganese sulphate ní kílò-kílò ní Kabba?