Ẹ fi ọ̀dà àtijọ́ sílẹ̀ lára pọ́ǹpù yín

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó pọ́ǹpù epo àtijọ́ jọ, ẹ mọ bí inú èèyàn ṣe máa ń dùn tó bá kan èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì tún kùn rí. Wayne 60 ni tèmi, pọ́ǹpù tí ilé-iṣẹ́ Wayne ṣe láwọn ọdún 1930. Inú abà kan ní ìlà-oòrùn Texas ni mo ti rà á, lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan tí bàbá tiẹ̀ fi í ta epo Texaco. Texaco yẹn náà ni o, èyí tí a mọ̀ nílé kó tó di MRS. Ọ̀dà pupa Fire-Chief (irú epo kan tí Texaco ń tà) ara rẹ̀ ti ṣá, tí ẹ bá fọwọ́ pa á, ẹfun pupa ni yóò kù sí yín lọ́wọ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dógùn-ún débi pé ó ti lu. Owó tó wà lójú rẹ̀ ṣì dúró lórí sẹ́ǹtì 19 fún gálọ́ọ̀nù kan.

Lára ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn méjì rẹ̀, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó bo ara pọ́ǹpù, ẹnì kan ti fi búrọ́ọ̀ṣì kọ ọ́ gàdàgbà lédè Òyìnbó pé àwọn kì í tà láwìn. Mo rẹ́rìn-ín títí. Láti Texas dé Òṣogbo, gbogbo ọlọ́jà ló mọ ohun tí àwìn ń fojú èèyàn rí. Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe rà á. Mo ti rí Wayne tó fín jù ú lọ, mi ò sì yọwó.

Ìsàlẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ ṣe. Mo gbé e lọ bá oníṣẹ́ irin kan pé kó gé ibi tó ti jẹrà, kó jó irin tuntun mọ́ ọn. Àwọn èèyàn ti bi mí, wọ́n sì tún ń bi mí, pé kí ló dé tí mo kó ilẹ̀kùn lọ pẹ̀lú rẹ̀. Bí wọ́n bá jó ìsàlẹ̀ láìsí ilẹ̀kùn lára rẹ̀, férémù á wọ́, ilẹ̀kùn ò sì ní í pa dé mọ́. Ẹni tó ti ṣe é rí mọ̀. Mo kọ ọ́ sí bébà pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ọ̀dà, mo fi sẹlotéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín ilẹ̀kùn. Mo tún sọ ọ́ fún un lẹ́nu. Ó ní òun ti gbọ́.

Lọ́jọ́ tí mo lọ gbé e, ọkùnrin yìí ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó sọ̀ nínú ọkọ̀. Ó ní kí n wá wo nǹkan. Ilẹ̀kùn méjì fara ti ògiri, irin lásán, ó funfun bí ẹyin tí wọ́n ti bó. Mi ò mọ̀ pé tèmi ni. Mo tiẹ̀ ń wo ẹ̀yìn wọn, mo ń wá ilẹ̀kùn mi. Ó wáá ṣàlàyé pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ yanrìn lu irin láti bó ọ̀dà ti wà nílẹ̀, òun rí i pé ọ̀dà náà ti gbó, òun kúkú bá mi bó o dànù. Ó ní òun ò ní gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́!

Mo gbọ́wọ́ lé ibi tí ọ̀rọ̀ àwìn yẹn wà. Irin náà ti wú láàárín. Mo tẹ̀ ẹ́, ó dún pọ́ọ̀, ó wọlé. Mo gbọ́wọ́ kúrò, ó tún yọ síta. Ohun tí yanrìn máa ń ṣe sí irin pẹlẹbẹ nìyẹn: ó ń gbá ojú kan títí ojú yẹn á fi nà, ẹ̀yìn ò sì nà, ni irin á bá wú. Mo bi í nípa bébà. Ó ní òun rí i, òun ló yọ ọ́, kó má baà jóná níbi tí òun ti ń jó irin.

Mo san owó ìsàlẹ̀ (iṣẹ́ ìsàlẹ̀ yẹn dára, mi ò ní purọ́), mo kó ẹrù mi, mi ò tan rédíò dé ilé. Ìyàwó mi wojú mi, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ta ló kú?"

Mo ti rí ilẹ̀kùn kan rà, mo ti kùn ún, pọ́ǹpù ti dúró ní gáréèjì, iná orí rẹ̀ ń tàn, àwọn àlejò ń ya fọ́tò níbẹ̀. Ó parí.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ fi ọ̀dà àtijọ́ sílẹ̀. Omi àti ọṣẹ tí kò le, aṣọ rírọ̀, ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní kọ̀rọ̀ kan, lẹ́yìn náà ẹ fi wáàsì ọkọ̀ pa á. Àwọ̀ tó ṣá yẹn á jí díẹ̀. Dígí ojú rẹ̀ tuntun wà lọ́jà, rọ́bà tuntun wà, gílóòbù tuntun, iná orí rẹ̀ yẹn, tiẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn kan ń tà á fún aláìmọ̀ bí ojúlówó. Ta ló ń ta ọ̀dà tí bàbá oníbàbá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé lé lórí?

Ìkejì fara pẹ́ ẹ: tí wọ́n bá ti jó irin tán, ẹ gbé ilẹ̀kùn yín lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Kì í ṣe pé mi ò sọ̀rọ̀, mo sọ ọ́, mo kọ ọ́. Ẹ ya fọ́tò pẹ̀lú. Fọ́tò tèmi wà, àwọn kan sì ní kí n gbé e fún péńtà kó fi kọ ọ̀rọ̀ àwìn náà sí ilẹ̀kùn tuntun. Mi ò ṣe é. Irọ́ ni.

Òjé, májèlé inú ọ̀dà, ńkọ́? Ó wọ́pọ̀ nínú ọ̀dà ìgbà yẹn. Ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà tó fòfin dè é nínú ọ̀dà ilé gbígbé. Epo tó gba inú pọ́ǹpù wọ̀nyí kọjá náà ní òjé, 1996 ni wọ́n tó lé e kúrò nínú epo ọkọ̀ pátápátá. Eruku tí ọkùnrin yẹn fi ọ̀fẹ́ fẹ́, imú tiẹ̀ náà ló gbà á. Ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ họ ọ́ nílé tí ọmọ wà. Kí iná tó sún mọ́ ọn, ẹ tú mítà àti páìpù inú rẹ̀, kí ẹ fa èérún epo tó bá kù jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọ̀dà sílẹ̀ ti bọ́ nínú ìdajì wàhálà yẹn.

Aládùúgbò mi ní kí n yí owó ojú rẹ̀ sí tòde òní. Irú ẹ̀rọ ìṣirò owó tó wà nínú rẹ̀ ò lè kọjá sẹ́ǹtì 99.9 fún gálọ́ọ̀nù kan, nígbà tí epo wọ dọ́là kan ní 1979, iye ìdajì gálọ́ọ̀nù ni ọ̀pọ̀ ilé epo ń kọ sí i. Sẹ́ǹtì 19 rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn.

Ilẹ̀kùn kan ṣì kù tí mo ń wá. Ẹni tó bá ní ti Wayne 60, kó kàn sí mi. Kò burú bó bá ti dógùn-ún, kò burú bó bá ti tẹ̀. Bí wọ́n bá ti fẹ́ yanrìn sí i, ẹ mú un dání.