Jẹ́sì Tí N Kò Fọ̀

Ọjọ́ Àìkú, alẹ́

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni n kò fi fọ jẹ́sì mi. Kọ́là rẹ̀ ti dúdú, abíyá rẹ̀ ti gan, ìyàwó mi sì ti ní kò gbọdọ̀ wọ yàrá mọ́. Ẹ̀bi mi kọ́: ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ láìfọ̀ la na àwọn kan ní 3 sí òdo. Ta ni yóò wá fi ọṣẹ fọ irú oríire bẹ́ẹ̀ dànù?

Lánàá, ọmọ mi ọkùnrin dìde lórí ìjókòó, wọ́n sì gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n wa. Mo jágbe mọ́ ọn pé kó padà síbi tó wà. Ó jókòó, ó ká ẹsẹ̀ kan mọ́ ìkejì. "Dádì, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí." Mo ní kó fara dà á, ó ku ìṣẹ́jú 7. Wọ́n tún gbá òmíràn wọlé.

Èmi náà rèé o, tí mo máa ń sọ fún àwọn èwe ìjọ pé Kristẹni kì í so ońdè.

Ní Ife Àgbáyé 1998, kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, Laurent Blanc, agbábọ́ọ̀lù Faransé, a fẹnu ko orí pípá Fabien Barthez, aṣọ́lé wọn. Àwa òǹwòran gbà pé orí yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ káàdì pupa ò jẹ́ kí Blanc gbá àṣekágbá, wọ́n sì na Bràsíl ní 3 sí òdo. Tó bá jẹ́ ti orí ni, ti Zidane ẹlẹgbẹ́ wọn ló ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn: ẹ̀ẹ̀mejì ló fi kan bọ́ọ̀lù wọlé.

Orí kẹrin ìwé Sámúẹ́lì Kìíní ni mo kà láàárọ̀ yìí. Àwọn Fílístínì ṣẹ́gun Ísírẹ́lì, àwọn àgbààgbà bá ní kí wọ́n lọ gbé àpótí májẹ̀mú wá láti Ṣílò, kó lè gbà wọ́n. Bí àpótí ṣe dé ibùdó, wọ́n hó títí ilẹ̀ fi mì. (Mo mọ irú ariwo yẹn dáadáa.) Ẹlẹ́sẹ̀ 30,000 ló ṣubú, ọ̀tá sì gbé àpótí lọ. Ohun mímọ́ mà ni àpótí yẹn o! Ṣùgbọ́n wọn kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ Ẹni tó ni ín, wọ́n kàn gbé e bí ẹni gbé oògùn. Bí ti àpótí Olúwa bá rí bẹ́ẹ̀, kí la fẹ́ sọ nípa jẹ́sì tó ń rùn?

Mo ti rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ. Mo bẹ ọmọ náà pẹ̀lú. Ó ní kò burú, ó wá bi mí pé: "Dádì, tí mo bá tètè lọ tọ̀ kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, tí n kò wá dìde rárá, ṣé a máa borí?"

Mo kọ́kọ́ dákẹ́ ná, kí n tó ní rárá.