Ọ̀yà tó sun inú fíríìjì mọ́jú

Ojú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ ni mo ti ra ọ̀yà náà lánàá, wọ́n ti jó irun ara rẹ̀ dànù. Bí mo ṣe sọ fún màmá mi lórí fóònù báyìí, wọ́n pariwo: "Má sáré gbé e kaná o! Ẹran ìgbẹ́ kì í ṣe adìyẹ àgíríìkì."

Mo fi ọ̀bẹ ha awọ rẹ̀ títí dúdú iná fi kúrò, mo fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wá lọ ata rodo, alùbọ́sà, ata ilẹ̀ àti aáyù pọ̀, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo já efinrin lé e. Ọwọ́ lásán ni mo fi pa á mọ́ra ẹran. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Mo gbàgbé, mo fọwọ́ nujú. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí màbo!

Wákàtí 11 ló lò nínú fíríìjì. Ọkọ mi lọ mu omi lóru, wọ́n ní omi ń ta sánsán efinrin.

Lónìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì lórí iná kó tó rọ̀, àmọ́ ata ti wọ inú egungun.

Màmá mi tún pè: "Itan tèmi dà?"

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.