Ọmọkùnrin tó ń pe ìyá mi ní aago méje àárọ̀

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi ní Abẹ́òkúta ni mo ti bá wọn: páálí mẹ́ta tó kún fún ike egbòogi tẹ́nikẹ́ni ò tíì ṣí. Tíì tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, oògùn oníhóró fún egungun, omi dúdú kan tí wọ́n ní ó ń tún kíndìnrín ṣe. Àwọn rìsíìtì wà nínú Bíbélì wọn, láàárín ìwé Sáàmù. Mo jókòó sílẹ̀, mo ro ó pọ̀: ₦386,000 láàárín oṣù mẹ́rin. Owó ìfẹ̀yìntì tíṣà ni o.

Ṣọ́ọ̀ṣì ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kéde pé àwọn kan ń bọ̀ wá yẹ ara àwọn àgbà wò lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ìsìn. Ẹ̀rọ kékeré kan ni wọ́n so mọ́ laptop, ọ̀pá irin kan wà lẹ́nu wáyà rẹ̀. Màmá di irin náà mú fún bí ìṣẹ́jú kan, ni ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í to àìsàn: ẹ̀dọ̀ rèé, kíndìnrín rèé, egungun rèé. Ibi tó burú, pupa ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Kò sẹ́ni tó fa ẹ̀jẹ̀ lára wọn, kò sẹ́ni tó gba ìtọ̀. Ọdún 35 ni ìyá mi fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, ẹ má rò pé ọ̀dẹ̀ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ìwé tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde, tí orúkọ yín wà lókè rẹ̀, tí wọ́n fún yín nínú ilé Ọlọ́run níṣojú pásítọ̀, ta ni ó jiyàn?

Nígbà tó yá, mo lọ bá ẹni méjì tó ń lo irú ẹ̀rọ náà ní Èkó, lọ́jọ́ kan náà. Mo sọ fún ẹni àkọ́kọ́ pé ẹni ogójì ọdún ni mí, mo sì sọ fún ìkejì pé mo ti lé ní àádọ́ta. Kí ilẹ̀ tó ṣú, egungun mi ti gbó, kíndìnrín tó ń ṣàìsàn ní ọ̀sán sì ti yá.

Ọmọkùnrin tó ń ta egbòogi náà fún Màmá kì í pariwo rárá. Aago méje àárọ̀ ló máa ń pè. "Ẹ káàárọ̀ o, Mọ́mì. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ṣé ẹ ti lo tàárọ̀?" Ó bá wọn gbé jẹnẹrétọ̀ lọ tún ṣe. Ó fi ọ̀kadà gbé wọn lọ gba owó nídìí POS. Bí wọ́n bá ní ọwọ́ àwọn ò tẹ owó, á ní ẹ̀dínwó yẹn ò ní kọjá alẹ́ òní, pé òun ti fi tòun kún un. Lọ́jọ́ tí Màmá ní àwọn fẹ́ bi ọmọ àwọn, ó ní: "Mọ́mì, àwọn ará Èkó ò ráyè. Ẹ jẹ́ kára yá ná."

Òun náà ló ní kí wọ́n dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró, pé oògùn òyìnbó ló ń ba kíndìnrín jẹ́. 190 lórí 110 ni nọ́ọ̀sì bá lára wọn. Mo dúpẹ́ pé rọpárọsẹ̀ ò ṣáájú wa débẹ̀.

Mo pariwo pé ayédèrú ni. Màmá na ike sí mi: nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ mo gbé e súnmọ́ ojú. Nísàlẹ̀, lẹ́tà tó kéré bí ojú èèrà sọ lédè òyìnbó pé NAFDAC ò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ọjà náà ń ṣe wò. Ta ló ti lé ní àádọ́rin ọdún tó máa rí ìyẹn kà?

Ibi témi náà ti ṣìṣe rèé. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná, ní gbangba, ni ọjà àkọ́kọ́ wà. Mo bú wọn. Mo ní, "Ẹ̀yin tíṣà, ẹ jẹ́ kí gbájúẹ̀ rí yín mú!" Àbúrò mi náà sọ tiẹ̀. Wọn ò fèsì. Àwọn tó wọlé lẹ́yìn ìyẹn ni mo bá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èmi ni mo kọ́ wọn ní fífi pamọ́.

Owó ò padà. Àwọn tó tà á ní àwọn kì í gba ọjà padà. Pásítọ̀ ní wọ́n sanwó àyè fún ṣọ́ọ̀ṣì, a ò sì tíì parí ìyẹn. Ohun tá a jọ fẹnu kò sí ni pé ohunkóhun tó bá ju ₦20,000 lọ, kó sùn mọ́jú. Kì í ṣe pé kí wọ́n gbàṣẹ lọ́wọ́ mi, owó wọn ni. Kó ṣáà sùn. Ẹni tó bá ní àfi lónìí, kó máa lọ. Màmá sì ti ní èsì kan lẹ́nu báyìí: "Ọmọ mi ló ń bójú tó o, ẹ pè é." Ó ṣiṣẹ́ fún àwọn tó ń pè pé báńkì làwọn, tí wọ́n ń béèrè nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ orí fóònù. Kò sí àríyànjiyàn, iyì wọn ò sì lọ.

Nọ́ńbà ọmọkùnrin yẹn nìkan ni wọ́n kọ̀ láti pa rẹ́. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Òun nìkan ló ń bi mí bí mo ṣe sùn."

Aago méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo máa ń pè báyìí. Lọ́jọ́ Túsìdeè tó kọjá, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ká mi mọ́ Berger, aago méje ti kọjá kí n tó pè. Fóònù ní wọ́n ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.