Ìforúkọsílẹ̀ Technovation Girls: Ìyọ̀ǹda Òbí Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Mójú Tó

Ọmọbìnrin tó bá wà láàárín ọdún 8 sí 18, tó sì ní fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tó lè fi wọ íntánẹ́ẹ̀tì, lè wọ Technovation Girls, ìdíje áàpù tí àjọ kan ní Amẹ́ríkà ń ṣe, láti pálọ̀ ilé wọn. Kò sí owó ìwọlé. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí. Iṣẹ́ ọ̀hún ò ṣòro láti ṣàlàyé: kí àwọn ọmọ wá ìṣòro kan tó ń yọ àdúgbò wọn lẹ́nu, kí wọ́n ṣe áàpù tó lè bá wọn yanjú ẹ̀, kí wọ́n sì fi fídíò ṣàlàyé ohun tí wọ́n ṣe.

Ìdíje yìí kì í ṣe àjèjì sí wa ní Nàìjíríà. Lọ́dún 2018, ọmọbìnrin márùn-ún láti Onitsha ní ìpínlẹ̀ Anambra, tí wọ́n pe ikọ̀ wọn ní Save-A-Soul, gbé áàpù kan tó ń jẹ́ FD-Detector lọ sí California ní Amẹ́ríkà. Àmì onílà dúdú tó wà lára páálí oògùn ni áàpù náà ń yẹ̀ wò, kí èèyàn lè mọ̀ bóyá ojúlówó ló rà tàbí ayédèrú. Àwọn ló gba ipò kìíní ní ìsọ̀rí Junior. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ oògùn ayédèrú tí gbogbo wa ń sọ lójoojúmọ́ ni wọ́n mú. Wọn ò lọ wá ìṣòro jíjìn kankan.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìdíje báyìí bá délé, kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n ń kọ fún kọ̀ǹpútà kí áàpù lè ṣiṣẹ́, ló máa ń dẹ́rù ba òbí àti tíṣà. Èmi ò rò pé kóòdù ló yẹ kó kọ́kọ́ kọ wá lóminú. Apá méjì ni ìforúkọsílẹ̀ yìí ní: ọmọ á forúkọ sílẹ̀, òbí á sì fọwọ́ sí i. Apá kejì yẹn ló rọrùn jù láti gbàgbé, òun náà ló sì lè sọ iṣẹ́ oṣù mélòó kan di òfo. Ìdí nìyẹn tí màá fi pẹ́ díẹ̀ lórí ẹ̀.

Ọjọ́ orí ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń pín ìsọ̀rí. Ọmọ ọdún 8 sí 12 wà ní Beginner, 13 sí 15 wà ní Junior, 16 sí 18 wà ní Senior. Kì í ṣe iye ọdún tí ọmọ jẹ́ lọ́jọ́ tó forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n ń kà o. Iye tí yóò jẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù August, lọ́dún tí ìdíje ọ̀hún máa parí, ni wọ́n ń wò. Ẹ jẹ́ ká mú ikọ̀ ọlọ́mọ mẹ́rin: mẹ́ta jẹ́ ọmọ ọdún 14, ẹnì kẹrin jẹ́ 15, ṣùgbọ́n yóò pé 16 ní ọjọ́ 20 oṣù July. Ọmọ tó dàgbà jù nínú ikọ̀ ló ń pinnu ìsọ̀rí. Nítorí ẹni kan yìí, Senior ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa wà, àwọn ọmọ SS3 ni wọ́n á sì máa bá díje. Kò burú tó bá jẹ́ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ yàn án bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò dáa ni kí ẹ ti kó iṣẹ́ jọ tán kí ẹ tó mọ̀.

Ọjọ́ ìbí tún ní ibi tó ti máa ń ṣini lọ́nà. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń kọ oṣù ṣáájú ọjọ́. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ 3 oṣù September, tó bá kọ 03/09 bí a ṣe ń kọ ọ́ nílé ìwé, lójú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀, ọjọ́ 9 oṣù March ni wọ́n bí i. Oṣù mẹ́fà tí kò sí níbẹ̀ lè gbé ọmọ kúrò ní ìsọ̀rí rẹ̀. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sórí àpótí kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tẹ nǹkan sínú ẹ̀. Orúkọ tó wà nínú ìwé ẹ̀rí ìbí náà ni kí ẹ lò, kì í ṣe orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n ń pè é ní kíláàsì, torí kò sẹ́ni tó máa fẹ́ rí ìnagijẹ lórí sáàfíkéètì tó bá dé.

Ojúlé wọn ni technovation.org. Ibẹ̀ ni kí ẹ gbà wọlé, kì í ṣe línkì tí ẹnì kan jù sórí WhatsApp. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó fọ́ọ̀mù, ẹ má dá a lóhùn. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀, wọ́n á bi yín irú ẹni tí ẹ jẹ́. Ọmọ ọdún 13 sí 18 máa forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Òbí ló ń forúkọ ọmọ ọdún 8 sí 12 sílẹ̀, íméèlì òbí ni wọ́n sì ń lò. Tíṣà, ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí tó ti ju ọdún 18 lọ tó fẹ́ tọ́ àwọn ọmọ sọ́nà, ibi ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni tiwọn. Ìyá tó bá jẹ́ kí ọmọ ọdún 10 lọ tẹ ibi tiẹ̀ fúnra rẹ̀ máa padà wá tún gbogbo ẹ̀ ṣe. Google náà kì í sì í jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 dá ní Gmail láìsí òbí lẹ́yìn ẹ̀.

Íméèlì ọmọ tó ti pé ọdún 13, ilé ni kí ẹ ti ṣí i, kì í ṣe káfè. Bí ẹni tó ni káfè bá fi nọ́ńbà fóònù tiẹ̀ ṣí i láti bá yín dín wàhálà kù, lọ́jọ́ tí Google bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀yin ni, fóònù ọ̀gbẹ́ni yẹn ni nọ́ńbà àyẹ̀wò tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ máa lọ. Nọ́ńbà màmá tàbí bàbá ni kí ẹ lò. Ẹ kọ pásíwọ́ọ̀dù sínú ìwé kan tó ń gbé nílé, kí ẹ sì kọ lẹ́tà ńlá àti kékeré bí wọ́n ṣe rí gan-an.

Ó wá ku ìyọ̀ǹda. Ọmọ tó ti pé ọdún 13 máa kọ orúkọ òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ àti íméèlì onítọ̀hún. Wọ́n á fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí íméèlì yẹn, òbí á ṣí i, á kà á, á sì tẹ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀ láti fi hàn pé òun gbà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ wo iye ọ̀nà tó lè gbà bàjẹ́. Ọmọ lè tẹ gmail.con dípò gmail.com, lẹ́tà ò sì ní débì kankan. Ó lè kọ íméèlì tí bàbá ṣí nígbà tí wọ́n ra fóònù, tí bàbá ò sì rántí pásíwọ́ọ̀dù ẹ̀ mọ́. Lẹ́tà lè dé lóòótọ́, kó lọ jókòó sínú Spam tàbí Promotions, àwọn àpótí ẹ̀gbẹ́ tí Gmail ń kó lẹ́tà tó bá fura sí tàbí ti ìpolówó sí, níbi tí màmá tó ń tajà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ò ní dé láéláé. Bí wọ́n tiẹ̀ rí i, Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, òbí tí kò yé sì lè fura pé gbájúẹ̀ ni, kó pa á rẹ́. Ìfura yẹn ò burú, ẹ̀yin ni kí ẹ ti ṣàlàyé fún wọn ṣáájú.

Ohun tí mo máa ń sọ fún tíṣà ni pé kí wọ́n mú ọjọ́ kan, ọjọ́ Sunday lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ọjọ́ tí òbí bá wà nílé, kí ọmọ forúkọ sílẹ̀ nígbà tí fóònù òbí wà lórí tábìlì kan náà. Ọmọ tẹ íméèlì, òbí kà á padà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ dúró níbẹ̀ títí lẹ́tà á fi wọlé. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá kọjá tí kò dé, ẹ wo Spam. Tí kò bá sí níbẹ̀ náà, ẹ padà sí ojú ìwé ọmọ, ẹ tún íméèlì ṣe, kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn tí òbí bá ti fọwọ́ sí i, ẹ tún wọ àkáǹtì ọmọ lọ, kí ẹ fi ojú ara yín rí i pé ó ti wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má dìde lórí àga kí èyí tó ṣẹlẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, kí ọmọ má fi íméèlì tiẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń béèrè ti òbí, kó wá fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Kí tíṣà náà má fọwọ́ sí i fún gbogbo kíláàsì. Ọmọ kékeré ni wọ́n, ojú àti ohùn wọn máa wà nínú fídíò, òbí ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Tó bá jẹ́ ìyá àgbà ló ń tọ́ ọmọ, òun ni alágbàtọ́, orúkọ ìyá àgbà ni kí ẹ kọ.

Tí gbogbo ọmọ bá ti forúkọ sílẹ̀, ẹ dá ikọ̀ sílẹ̀. Ọmọ kan lè dá díje, àmọ́ ikọ̀ kan kò gbọdọ̀ ju márùn-ún lọ. Lójú tèmi, mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló dáa jù, torí pé kí ọmọ márùn-ún ráyè lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn ilé ìwé ò rọrùn. Ẹnì kan péré ni kó dá ikọ̀ náà sórí ojúlé, kó wá pe àwọn tó kù. Tí àwọn méjì bá jọ dá a lọ́jọ́ kan náà, ikọ̀ méjì lẹ máa ní, orúkọ kan náà ni wọ́n á jọ máa jẹ́, àwọn ọmọ á sì pín sí méjèèjì láìmọ̀. Ọmọ kan kò sì lè wà nínú ikọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́ńtọ̀, ìyẹn àgbà tó ń tọ́ àwọn ọmọ sọ́nà, máa fi tiẹ̀ kún un. Kó béèrè ìbéèrè, kó tọ́ka ibi tí àṣìṣe wà, ṣùgbọ́n kó má gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ọmọ. Àwọn ọmọ ló gbọ́dọ̀ kọ kóòdù.

MIT App Inventor, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe áàpù, ni mo máa dábàá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Inú búráúsà ló ti ń ṣiṣẹ́, kì í béèrè kọ̀ǹpútà alágbára, búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ oríṣiríṣi ni wọ́n sì ń tò pọ̀ dípò kóòdù tí wọ́n ń tẹ̀. Ẹ fi áàpù kan tó ń jẹ́ MIT AI2 Companion sórí fóònù, ẹ tẹ kóòdù onílẹ́tà mẹ́fà tó hàn lórí kọ̀ǹpútà, ohun tí ẹ ń ṣe á sì máa hàn lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Tí kò bá hàn, ohun tí màá kọ́kọ́ wò ni bóyá fóònù àti kọ̀ǹpútà jọ wà lórí Wi-Fi kan náà. Bí fóònù bá wà lórí dátà tiẹ̀, tí kọ̀ǹpútà wà lórí Wi-Fi ilé ìwé, wọ́n lè má rí ara wọn.

Ibi fáìlì ni kí ẹ tún ti ṣọ́ra. Iṣẹ́ inú App Inventor máa ń jáde lọ́nà méjì. Èyí tó parí sí .apk ni áàpù tó ṣeé fi sórí fóònù. Èyí tó parí sí .aia ni iṣẹ́ fúnra rẹ̀, tí adájọ́ lè ṣí kó rí bí àwọn ọmọ ṣe to búlọ́ọ̀kù wọn. Kóòdù ni wọ́n ń béèrè, .aia sì ni kóòdù. Abẹ́ Projects ló wà, níbi tí wọ́n kọ Export sí. Ẹni tó bá lọ sí Build máa gbé .apk jáde ni.

Yàtọ̀ sí kóòdù, wọ́n á béèrè àwòrán ojú áàpù, àlàyé kúkúrú àti fídíò: ọ̀kan fún ìṣòro àti ojútùú, ọ̀kan fún bí áàpù ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fún yín lọ́dún yẹn, kí ẹ má sì kọjá rẹ̀, torí kò pọn dandan fún adájọ́ láti wo èyí tó lé. Ẹ ya fídíò ní àárọ̀ kùtù, kí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò tó bẹ̀rẹ̀, kí fóònù má sì jìnnà sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá gbé e sórí YouTube, ẹ yan Unlisted tàbí Public. Tó bá jẹ́ Private ló wà, ẹ̀yin á máa rí i dáadáa lórí fóònù yín, adájọ́ ò sì ní rí nǹkan kan. Ẹ fi línkì ránṣẹ́ sẹ́ni tí kò sí nínú ikọ̀, kó ṣí i lórí fóònù tiẹ̀. Tó bá ṣí fún un, ó máa ṣí fún adájọ́.

Nípa àsìkò: ìdíje máa ń ṣí ní apá ìparí ọdún, wọ́n á sì máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí àwọn ọmọ SS3 ń múra WAEC. Ẹ yẹ ọjọ́ gan-an wò lórí ojúlé lọ́dọọdún, torí ó máa ń yí padà. Ọmọ SS3 ní láti parí kóòdù tiẹ̀ kí oṣù March tó tán, tàbí kó má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Agogo California ni wọ́n sì ń lò. Láti àárín oṣù March lọ, wákàtí 8 ni Nàìjíríà àti Benin fi ṣáájú wọn, Togo jẹ́ 7. Bí wọ́n bá ní aago 5 ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀kùn máa tì, aago 1 òru ọjọ́ kejì ni nílùú Èkó. Ẹ má dúró de òru yẹn. Iná lè lọ, dátà lè tán, fídíò tó sì tóbi máa ń rìn bí ìgbín lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa. Ẹ jẹ́ kí gbogbo fáìlì ti wọlé ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá tẹ Submit, ẹ ya àwòrán ojú ìwé tó bá hàn, kí ẹ tọ́jú ẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ àkáǹtì tiẹ̀, kó ka ohun tí wọ́n kọ síwájú ìyọ̀ǹda òbí sókè fún tíṣà.